Màmá Onírọ́bà tó wà lọ́jà Kabba: ẹ yí ìdí ike sókè kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan nípa ṣọ́ọ̀bù yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS níbí ní Kabba, mo sì ti ra ike lọ́wọ́ oríṣiríṣi èèyàn látìgbà tí mo ti gba ilé tèmi, àmọ́ nínú gbogbo wọn, màmá kan ṣoṣo yìí ni mo rí tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́ pé "kí lo fẹ́ rọ sínú ẹ̀?" kó tó dá iye lé e. Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó fún mi láti bá a polówó.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ní pátákó o. Inú ọjà ni, lápá ibi táwọn oníbáàfù pọ̀ sí, ẹ máa rí kéègì aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi okùn so pọ̀ gbọọrọ sókè, ẹ ṣáà bi ẹnikẹ́ni pé Màmá Onírọ́bà dà, wọ́n á mú yín débẹ̀. Báàfù, bókẹ́ẹ̀tì, kéègì, kúlà, ọ̀rá ọ̀lẹ̀lẹ̀, àpò tá a fi ń di kajú, okùn, páìpù, abọ́ ọlọ́mọrí, gbogbo ẹ̀ ló ń tà.

Bí mo ṣe débẹ̀ rèé. Màmá mi ránṣẹ́ láti abúlé pé kí n wá kéègì tí òun máa rọ epo pupa sí. Ṣáájú ìgbà yẹn mo ti ra bókẹ́ẹ̀tì dúdú kan níbòmíràn, ó dán dáadáa lójú ó sì le, mo da gàrí sí i mo dé e, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ṣí i, òórùn tó ti ibẹ̀ jáde bí ẹni pé wọ́n fi kẹrosíìnì fọ gàrí yẹn ni, gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù, ó dùn mí gan-an. Torí ẹ̀ ni mo fi ń wo ike bí ẹni ń wo ẹran nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ màmá. Ó rí i pé mo ń gbóòórùn ẹnu kéègì. Kò sọ̀rọ̀, ó gba á lọ́wọ́ mi, ó yí i dojú dé, ó fi àtàǹpàkò nu eruku ìdí ẹ̀, ó ní "Tíṣà, wo ibí." Igun mẹ́ta kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọfà mẹ́ta ṣe, nọ́ńbà 2 wà láàárín ẹ̀. Ó ní "eléyìí ló ń gbé epo, kì í jò, kì í sì í rọ̀." Mo wò ó pé ta ló kọ́ màmá yìí? Ó ní àwọn tó ń kó ọjà fún òun láti Oníṣà ló ṣàlàyé ẹ̀ fóun, òun wá fi ọdún tóun ti ń tà á kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi ní kíláàsì, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tó wà nínú ike kan, kò sẹ́ni tó lè tà yín ní ìtàkutà mọ́.

Oríṣi átọ́ọ̀mù méjì, ìyẹn ẹyọ kékeré tí nǹkan fi ń di nǹkan, ni ẹ kọ́kọ́ máa mọ̀: kábọ́ọ̀nù ní ọwọ́ mẹ́rin tó fi ń di òmíràn mú, háídírójìn ní ẹyọ kan péré. Tí háídírójìn mẹ́rin bá di ọwọ́ kábọ́ọ̀nù kan mú, methane nìyẹn. Tí kábọ́ọ̀nù mẹ́ta bá di ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n tò sórí ìlà, tí háídírójìn gba gbogbo ọwọ́ tó ṣẹ́ kù, propane ni, tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin butane ni, àwọn méjèèjì yẹn ló wà nínú sílíńdà gáàsì tá a fi ń dáná nílé. Ẹ jẹ́ kó gùn sí i, kó tó bíi márùn-ún sí méjìlá, ó ti di epo mọ́tò, ó gùn jùyẹn lọ díẹ̀ ó di kẹrosíìnì, ó tún gùn ó di díísù, tó bá ti kọjá ogún ó ti dì, ó ti di àbẹ́là. Nǹkan kan náà ṣáá ni o, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀, gígùn ìlà ló yàtọ̀. Bó bá ṣe gùn tó ni wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ra wọn tó, ìdí nìyẹn tí gáàsì fi ń fẹ́ lọ, tí kẹrosíìnì fi ń ṣàn, tí àbẹ́là fi jókòó síbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ wá so ìlà yẹn kó dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kábọ́ọ̀nù, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ dì mú lọ́wọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ti rí i tí ọ̀rá ń jó á mọ̀ pé mi ò parọ́. Ó máa ń kán tó, tó, tó, bí àbẹ́là, òórùn ẹ̀ náà sì jọ ti àbẹ́là téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa. Ẹbí ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ọ̀rá, ó máa ń wù mí. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ náílọ̀n ní ọ̀rá, bóyá torí bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ ni, wọn ò ṣì í sọ rárá, torí ọ̀rá ara ẹran àti epo tá a ń jẹ, ìrù gígùn kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn kan náà ló wà lára wọn, bíi mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún lórí ìlà. Torí ẹ̀ ni epo pupa fi máa ń wọ ike lára. Ẹ̀yin ìyá ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, abọ́ funfun tẹ́ ẹ bu ọbẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, ó ṣì pupa. Ohun tó mú epo pupa pọ́n, carotene, C40H56 ni, kábọ́ọ̀nù ogójì àti háídírójìn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀, hydrocarbon pátápátá lòun náà. Ó rí ẹbí ẹ̀ nínú ike, ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, omi ò lè lé e jáde torí òun àti omi ò bára tan. Mo béèrè lọ́wọ́ màmá pé kí la máa ṣe sí i, ó ní "gbé e sóòrùn." Kò mọ̀dí ẹ̀, ó ṣáà rí i pé ó máa ń ṣiṣẹ́. Ìdí ẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń já àwọn ibi tí kábọ́ọ̀nù carotene ti fi ọwọ́ méjì-méjì di ara wọn mú, ibẹ̀ ni àwọ̀ ẹ̀ ti ń wá, tí wọ́n bá ti já, pupa ti lọ. Mo gbé abọ́ kan sórí páànù láàárọ̀ Sátidé, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé ó ti funfun padà.

Kí wá ni nọ́ńbà abẹ́ ike? Ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, káwọn tó ń ṣa ike tún lò lè mọ èyí tó bá èyí mu. 1 ni ti ìgò omi àti ìgò mínírà, 2 ni kéègì tó le, 3 ni páìpù PVC, 4 ni ọ̀rá tó rọ̀, 5 ni abọ́ ọlọ́mọrí, àpò kajú àti àpò símẹ́ńtì tó hun, 6 ni páàkì téèkì-àwèé tó fúyẹ́ bí òwú, 7 sì ni ti gbogbo àwọn tó kù.

Ẹ wò ó, 2 àti 4, nǹkan kan náà ni! Pọ́lítíìnì ni méjèèjì. Mo mọ̀ pé ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, báwo ni kéègì tó le koko ṣe máa jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀rá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ṣẹ́ ẹ ti di igi ìdáná rí? Tẹ́ ẹ bá kó igi tí ẹ̀ka wà lára ẹ̀ jọ, ìdì yẹn ò ní ṣù, àyè á kàn wà láàárín, ó fúyẹ́, ó ń mì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti rẹ́ ẹ̀ka kúrò, igi tó lọ tààrà, ẹ lè dì í kó le bí ọwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ti ọ̀rá ní ẹ̀ka, ti kéègì lọ tààrà.

Èyí tó ní ẹ̀ka ni wọ́n kọ́kọ́ rí, àti pé wọn ò tiẹ̀ wá a. Ní March 1933, Reginald Gibson àti Eric Fawcett tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ICI ní Winnington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi agbára ńlá tẹ ethene pọ̀ mọ́ nǹkan míì nínú ìkòkò irin, nǹkan tí wọ́n ń retí ò jáde, wọ́n ṣí i wọ́n bá nǹkan funfun kan níbẹ̀ tó ń yọ̀ bí àbẹ́là. Ethene yìí, kábọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n fi ọwọ́ méjì-méjì di ara wọn mú ni, C2H4, òun náà ni afẹ́fẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú jáde tó bá ń pọ́n, ìdí tá a fi ń fi àpò bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn, kó má bàa fẹ́ lọ. Tó bá ti rí ohun tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan á tú ọwọ́ kan sílẹ̀, á fi di aládùúgbò ẹ̀ mú, aládùúgbò á di ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó di ìlà tí ò lópin. Ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, 1953, Karl Ziegler ní Jámánì wá rí ọ̀nà tí ìlà yẹn á fi lọ tààrà láìlo agbára ńlá, Giulio Natta ní Ítálì náà fi irú ọ̀nà yẹn so propene, ẹbí ethene tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́ta, pọ̀ ní 1954, ìyẹn nọ́ńbà 5, wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Lórílẹ̀-èdè wa níbí náà wọ́n ń ṣe méjèèjì, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Eleme lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Harcourt, ohun tí wọ́n yọ lára gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Mo ti yà díẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn màmá yìí jù ni ọjọ́ tí mo kó àwọn ọmọ SS 2 mẹ́jọ lọ bá a. Mo ti tọrọ àyè tẹ́lẹ̀, ó ní ká wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ó gbé báàfù omi síwájú, ó fún wa ní ìgò omi tó ti ṣófo pẹ̀lú ìdérí ẹ̀, àti ègé páìpù kan. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ìgò wẹ́wẹ́, mo gé ìdérí náà, mo ní kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ sómi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ rì kí atẹ́gùn ara ẹ̀ lè kúrò. Ègé ìdérí padà léfòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ègé ìgò rì lọ sísàlẹ̀ báàfù, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Páìpù náà rì. Ọmọ kan ní "ṣebí ara ìgò kan náà ni ìdérí wà?" Ìbéèrè tí mo ń wá nìyẹn! Ìdérí, 2 tàbí 5 ló máa ń jẹ́, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn nìkan ló wà nínú ẹ̀, ó fúyẹ́ ju omi lọ bí epo ṣe fúyẹ́ ju omi. Ìgò tirẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 1, ọ́síjìn wà nínú ẹ̀, lítà omi kan jẹ́ kìlò kan, ti ike ìgò tó bíi 1.38. Páìpù ní kílórínì nínú, òun náà wúwo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé, ohun tí mo ti ń kọ sára bọ́ọ̀dù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yé wọn. Màmá náà jókòó tì wá, ó ń wò, ó ní òun ti ń ta páìpù tipẹ́, òun ò mọ̀ pé iyọ̀ ló bí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, inú iyọ̀ ni wọ́n ti ń yọ kílórínì tó wà nínú ẹ̀.

Torí kílórínì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ike àti ọ̀rá ko iná igi, ẹ má fi ègé páìpù tàbí awọ wáyà sí i láéláé. Èéfín tó máa ń jáde lára ẹ̀, ásíìdì ni, ó ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀rá lásán pàápàá, ẹ má fi sídìí ìkòkò oúnjẹ.

Ìmọ̀ràn tí màmá máa ń fún oníbàárà, mo ti fi gbogbo ẹ̀ wé ohun tí mo mọ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló tọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra abọ́ tẹ́ ẹ máa bu ọbẹ̀ gbígbóná sí, 5 ló máa mú fún yín, kò ní fún yín ní 4. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí nọ́ńbà 5 ò ní yọ́ títí dé bíi 160°C, ṣùgbọ́n ọ̀rá nọ́ńbà 4, bíi 110 péré ló ti ń yọ́, ó sì ti máa rọ̀ ṣáájú ìyẹn, omi tó ń hó sì ti wà ní 100. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó bá kan ìdí ìkòkò tí omi ti gbẹ fi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń ta ọ̀rá ọ̀lẹ̀lẹ̀ o, mi ò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi í, á sọ fún yín pé ewé lòun fi ń se tòun nílé. Èmi náà, ewé ni. Ìgò omi ńkọ́, ó máa ń sọ fáwọn tó ń wá ìgò fún ògì gbígbóná pé rárá, bíi 70 sí 80°C ló ti ń rọ̀, á sún kì, ẹ ti rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n máa fi gbé epo mọ́tò fún jẹnẹrétọ̀ náà, kéègì nọ́ńbà 2 tó nípọn ló ń fún wọn. Nígbà kan ọmọkùnrin kan bu pẹtiróòlù díẹ̀ sínú páàkì téèkì-àwèé níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ fi fọ nǹkan ara ọ̀kadà ẹ̀, kí ó tó ṣẹ́jú ìdí páàkì ti yọ́, epo ti dà sílẹ̀, ó ku nǹkan tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Nọ́ńbà 6 nìyẹn, epo mọ́tò máa ń tú u ká.

Bókẹ́ẹ̀tì dúdú bíi èyí tó ba gàrí mi jẹ́ wà lọ́dọ̀ òun náà, ẹ̀gbẹ́ kan ló kó wọn sí, ó máa ń sọ ọ́ lẹ́nu gbangba pé ti bíríkìlà àti ti ẹran ọ̀sìn nìyẹn. Ike àlòkù oríṣiríṣi ni wọ́n máa ń yọ́ pọ̀ fi ṣe é, àwọ̀ dúdú ló ń bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, èèyàn ò lè mọ ohun tí wọ́n ti rọ sínú èyí tí wọ́n yọ́. Ó lè dákẹ́ kó tà á, àwọn míì ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò ṣe é.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ wà. Àkọ́kọ́, kéègì tó so síta yẹn, oòrùn ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́. Oòrùn tó ń bá wa yọ àbàwọ́n epo lára abọ́ náà ló ń gé ìlà kábọ́ọ̀nù inú ike, ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti gé e tán ike á máa fọ́ bí èèpo ẹyin. Mo gba ọ̀kan níbẹ̀, oṣù kẹrin ni etí tá a fi ń gbé e já. Mo gbé e padà, kò bá mi jà, ó wọ inú ilé ó mú òmíràn fún mi. Mo ti sọ fún un kó fi tapólì bò wọ́n, kò tíì ṣe é. Ẹ ṣáà ní kó mú tiyín láti inú.

Ìkejì, màmá gbà pé nọ́ńbà yẹn ló ń sọ pé ike dáa fún oúnjẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi ike ló ń sọ, kò sọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn tàbí pé ó ti gbé kẹ́míkà rí. Àmì ife àti fọ́ọ̀kì ni kẹ́ ẹ máa wò fún ti oúnjẹ, tí kò bá sí i, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ bi í pé ṣé tuntun ni. Mo sọ ọ́ fún un, ó gbọ́, kò jiyàn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé ife àti fọ́ọ̀kì fún obìnrin kan tó wá láti Iyara.

Owó ẹ̀ máa ń fi díẹ̀ lé ti àwọn tó ń kiri. Kò gba káàdì, ṣùgbọ́n ó ń gba tíránsífà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa. Kò pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ọjọ́ Sọ́ńdè ò sí.

9 nínú 10 ni mo fún un, tapólì ló gba 1 yẹn. Kéègì epo màmá mi ti lé lọ́dún kan báyìí, kò jò, kò rọ̀, epo inú ẹ̀ ò yí òórùn, ó sì ti ní kí n mú méjì sí i bọ̀ tí mo bá ń bọ̀ nílé. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa lọ gbà á, ẹni tó bá fẹ́ ká jọ lọ kó sọ.